Agbaninímọ̀ràn Tí Kò Yìn Mí

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn orí fóònù tí mo lò fún ọ̀sẹ̀ 12 yìí, ìpàdé kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 50.

Aránṣọ ni mí. Tí oníbàárà bá wọ aṣọ tán tó dúró síwájú dígí, èmi a dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú píìnì lẹ́nu, mi ò ní lè mí dalẹ̀ títí yóò fi sọ̀rọ̀. Tó bá ní "ó dáa," màá tún bi í pé ṣé ọrùn rẹ̀ ò fún un, ṣé ó gùn tó, kó lè tún un sọ. Tí kò bá sọ nǹkan kan, mi ò ní rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní ìwọ̀n iyì ara ẹni tí Morris Rosenberg, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1965. Gbólóhùn 10 péré ni, 5 sọ rere nípa ẹni, 5 sọ òdì kejì. Wọ́n ń ka máàkì rẹ̀ láti 0 dé 30. Mo gba 11. Ó dùn mí, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin gan-an ni mo fẹ́ sọ. Màmá tó ń gbà mí nímọ̀ràn (ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n) ti ní kí n máa kọ ohun kan tí mo ṣe dáadáa sínú ìwé lálaalẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo ka méjèèje sí wọn létí, mo dákẹ́, mò ń retí. Àwọn náà dákẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Èwo ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn jù níbẹ̀?"

Inú bí mi. Ṣé kí wọ́n kàn ní "ẹ kú iṣẹ́" ni ò ṣeé ṣe? Díẹ̀ ló kù kí n pa fóònù. Mo wo ìwé náà títí kí n tó dáhùn: ọwọ́ aṣọ kan tí mo tú lẹ́ẹ̀mejì kí ìlà ara rẹ̀ tó bá ti èjìká mu. Ẹni tó ni aṣọ ò mọ̀. Èmi mọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi nípa ohun tí Jennifer Crocker àti Connie Wolfe, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ lọ́dún 2001, pé ibi tí kálukú gbé iyì ara rẹ̀ kọ́ sí yàtọ̀: ti ẹlòmíì wà lára ẹwà, ti ẹlòmíì lára ẹbí. Ẹnu èèyàn ni èmi gbé tèmi kọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ìyìn ọ̀hún kì í pẹ́ lára mi. Màá wá a lójú méjèèjì, tó bá dé tán, màá ní wọ́n kàn fẹ́ kí inú mi dùn ni.

Áàpù wọn ló jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan. Gbogbo ìgbà téèyàn bá ṣí i ló ń kọ "O káre!" Irú èmi ṣe máa rí ìyẹn tí mi ò ní máa ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́? Mo ní kí wọ́n bá mi pa á, wọ́n sì tètè ṣe é.

Ẹni tó bá ti ń ronú àtipa ara rẹ̀ lára, kó má dúró de ìpàdé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejìlá, mo tún dáhùn gbólóhùn 10 yẹn: 18. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí i. Lánàá, oníbàárà kan dúró síwájú dígí, kò sọ nǹkan kan. Mo yọ píìnì lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá etí aṣọ náà lọ.