Ibojì àwọn ọba ní Saint-Denis: ẹ sanwó, ẹ wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Paris, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà 13, kí ẹ sọ̀ ní Basilique de Saint-Denis. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ibi ibojì àwọn ọba Faransé ni wọ́n ti ń gbowó. Ẹ san án.

Ère tó wà níbẹ̀ lé ní 70, wọ́n gbẹ́ wọn bí ẹni tó sùn. Èmi ò tilẹ̀ wo púpọ̀ nínú wọn, ìdílé Philippe Kẹrin, ọba Faransé, ni mo wá wò. Louis Kẹwàá, àkọ́bí rẹ̀, kú ní 1316, ó fi aboyún sílẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni Jean, ọmọ tí obìnrin náà bí, lò láyé, síbẹ̀ ọba ni wọ́n kà á sí. Ère rẹ̀, kékeré báyìí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó ṣe mí láàánú gan-an, mo pẹ́ níwájú rẹ̀. Jeanne, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Àbúrò bàbá rẹ̀ já adé gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Charles Kẹrin, tó jọba kẹ́yìn nínú àwọn arákùnrin náà, tún kú ní 1328 láìní ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ dojú rú.

Isabelle, arábìnrin wọn, ti bí Edward Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, sílé ọkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Faransé ní àwọn ò gba ẹni tó ti ìdí ìyá wá (ẹ ò rí i bí ẹjọ́ oyè ṣe jọra níbi gbogbo!), ni wọ́n bá fi Philippe ti Valois, ọmọ àbúrò bàbá wọn, jọba. Ní 1340, Edward kéde ní Ghent, ìlú kan tó wà ní Belgium lónìí, pé òun lọba Faransé.

Afinimọ̀nà tí mo háyà lọ́tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò bìkítà fún gbogbo èyí. Louis Kẹrìndínlógún àti Marie Antoinette, ọba àti ayaba tí wọ́n bẹ́ lórí, ló ń wọ́ wa tọ̀ lọ ṣáá. Ẹ dá rìn ní tiyín.

Kí ẹ sì wá Charles Kẹfà, ọba Faransé, kàn. Ní Troyes, ní 1420, ó fi ọmọkùnrin bíbí inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ Henry Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ ọmọbìnrin rẹ̀, di àrólé. Henry kú ní ìparí oṣù kẹjọ 1422, Charles náà kú ní oṣù kẹwàá. Kò tó oṣù méjì! Ọmọ Henry, ọmọ ọwọ́, ni wọ́n wá ń pè ní ọba Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì.

Edward Kẹta ò sí ní Saint-Denis o. Westminster Abbey, ní London, ni wọ́n sin ín sí, tíkẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ sì wọ́n ju ti Saint-Denis lọ dáadáa.