Owó ìwádìí ewéko: Rufford, Mohamed bin Zayed, IDEA WILD tàbí TETFund?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe másítà nínú ìmọ̀ ewéko níbí, láti Gwagwalada dé Zaria àti Minna, èló ni àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ìwádìí ń fúnni ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Oṣù tí owó máa wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Igi ẹmi, igi igbá tí a fi ń ṣe irú, àti igi tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń yọ òdòdó, ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Ẹni tó fẹ́ mọ kòkòrò tó ń bà lé òdòdó wọn, tàbí tó fẹ́ gé ẹ̀ka olódòdó lọ sí herbarium (ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí) ti NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀, ní Idu ní Àbújá, àsìkò yẹn nìkan ló ní. Tó bá ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, owó ilé-ìwé sì tún gun orí rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àjọ kan fọwọ́ sí ìwé mi nígbà òjò, wọ́n ní owó á dé kí ọyẹ́ tó mú. Nígbà tí áláàtì máa dún, igi ẹmi ti ń so èso. Wọ́n tún ní kí n mú rìsíìtì gbogbo náírà tí mo bá ná wá. Ọlọ́kadà tó gbé mi wọ igbó kò ní rìsíìtì, ọdẹ tó mú mi dé ìdí igi kò ní. Àpò mi ni mo fi san gbogbo rẹ̀, ọdún kan sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìdí tí mo fi yan Rufford fún iṣẹ́ tó tẹ̀lé e nìyẹn. Àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìgbàkígbà láàárín ọdún lẹ sì lè kọ̀wé sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ka oṣù padà sẹ́yìn láti ìgbà òdòdó, kí ẹ wá mọ ọjọ́ tí ìwé yín gbọ́dọ̀ jáde. Wọn kì í san owó ilé-ìwé o. Wọn kì í sì í gba ìwádìí tí kò ní ṣe ìdáàbòbò igbó ní àǹfààní kankan. Madobiya bá wọn mu dáadáa: CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó wà nínú ewu, ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀ láti 2017, torí bí àwọn agégẹdú ṣe ń gé e tà sí Ṣáínà.

Owó Mohamed bin Zayed, àjọ tó ń ṣètọ́jú ẹ̀yà ewéko àti ẹranko tó wà nínú ewu, pọ̀ gan-an, ó lè tó 25,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo tó wà nínú ewu ni wọ́n ń fi owó náà ṣe ìrànwọ́ fún, ẹ̀ ó sì jọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko kárí ayé du ú. Ó ní ọjọ́ ìparí, ìgbà òdòdó kọ́ ló sì ń tẹ̀lé.

IDEA WILD ní Amẹ́ríkà kì í fúnni lówó, irinṣẹ́ ni: GPS, kámẹ́rà àti irú wọn. Pákó tí a fi ń tẹ ewé, káfíńtà Dei-Dei lè kàn án fún yín.

TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn ilé-ìwé gíga lówó, sún mọ́ wa jù, Àbújá níbí ni olú ilé-iṣẹ́ wọn. Àmọ́ àwọn olùkọ́ ni owó ìwádìí wọn wà fún. Abẹ́ súpáfáísọ̀ yín lẹ lè gbà wọlé. Kí ẹ tó yan àkòrí, ẹ bi í bóyá ó ní in lọ́wọ́.

British Ecological Society náà ní owó fún àwọn onímọ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ gba másítà ná.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wúlò. Ẹni tí igi rẹ̀ ti ń parun, tí orúkọ súpáfáísọ̀ rẹ̀ sì ti rinlẹ̀, kó dán Mohamed bin Zayed wò. Ẹni tí kámẹ́rà nìkan kù fún, IDEA WILD ti tó o. Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ̀wé sí Rufford ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa ní kó jẹ́rìí yín, ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ilé-ìwé ṣì ń lọ, torí tí ASUU bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń ṣòro láti rí olùkọ́ tó máa kọ lẹ́tà.