Hachi: A Dog's Tale: ẹ ka èyí ná kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ kékeré

Láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí, ní sítéṣọ̀n rélùwéè Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 5 fọwọ́ méjèèjì wé bàbá ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní "Dádì, ẹ má wọ tírénì yẹn, ẹ ò ní padà wá mọ́." Ẹkún yẹn kì í ṣe ẹkún ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n ra bisikíìtì fóun o, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó di ṣòkòtò bàbá ẹ̀ mú débi pé nígbà tá a fi máa já a gbà, aṣọ yẹn ti rún. Èkó lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè la máa ń gbé e lọ síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Fúráídè la tún máa ń lọ gbà á, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, wọ́n á máa juwọ́ sí tírénì títí wọn ò fi ní rí i mọ́. Kò sí Mọ́ńdè kankan tó sunkún rí.

Bàbá kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló wá lóṣòó síwájú ẹ̀. Wọ́n ní "Ìyá mi, kí ló dé? Ta ló nà ẹ́?" Ó ní "Ọ̀gá Hachi náà wọ tírénì ni." Bàbá yẹn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Hachi, wọ́n gbójú sókè wò mí pé kí n ṣàlàyé. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Alẹ́ Sátidé la wo fíìmù yẹn, èmi ni mo sì gbé e sí i fún wọn.

Nínú mọ́tò nígbà tá à ń padà bọ̀ lọ́rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Ẹni tó bá ti wo fíìmù yìí á rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn máa kú, Hachi, ajá ẹ̀, ò fẹ́ kó lọ rárá. Ó ń gbó, ó kọ̀ kò tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá ló wá gbé bọ́ọ̀lù lé e dé sítéṣọ̀n, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń jù fún un látìgbà kékeré tí kò lọ mú wá rí. Inú ọ̀gá ẹ̀ dùn sí bọ́ọ̀lù náà, àmọ́ kò yé e, ó wọ ọkọ̀ lọ, ó di gbére. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, Hachi ò lọ́wọ́ tó máa fi dì í mú. Èmi lọ́wọ́."

Mo ní láti páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ jẹ́ n sọ bí fíìmù yìí ṣe wọlé mi. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́bàá ọjà tí mo ti ń ra ẹran, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní tó ti máa ń kó fíìmù sí flash fún èèyàn, a ti jọ ń ṣe é tipẹ́, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún mi. Mo sọ fún un kedere pé mo fẹ́ fíìmù tí ọmọ ọdún 5 àti ọmọ ọdún 10 lè jókòó wò pa pọ̀, kó má ní ìjà, kó má ní ìfẹnukonu. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, fíìmù ajá rèé, àwọn ọmọ fẹ́ràn ajá." Mo ní ṣé kò sí nǹkan tó máa dẹ́rù bà wọ́n níbẹ̀? Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, ó fìka kan ibi tí wọ́n kọ G sí. "G nìyí mà, tọmọdé tàgbà ló wà fún." Irọ́ kọ́ ló pa o, G náà ni wọ́n fún fíìmù yẹn l'Ámẹ́ríkà. Ó tún fi kàtúùnù méjì kún un lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbàdúrà fún un kí n tó kúrò níbẹ̀.

Mi ò ní máa ro ìtàn ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tí ò tíì wò ó gan-an á ti gbọ́ nípa ẹ̀. Ajá kan máa ń sin ọ̀gá ẹ̀ dé sítéṣọ̀n láàárọ̀, á tún padà lọ dúró dè é nírọ̀lẹ́, ọ̀gá kú síbi iṣẹ́, ajá ò mọ̀, ó ń lọ dúró títí òun náà fi kú. Richard Gere ló ṣe ọ̀gá náà nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2009, wọ́n gbé ìtàn kúrò ní Jàpáànù wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ̀gá ajá di tíṣà orin.

Ìdajì àkọ́kọ́ dùn, mo máa sọ òtítọ́. Bí ajá kékeré yẹn ṣe ń rìn gbéregbère ní sítéṣọ̀n tí kò sẹ́ni tó wá gbà á, bí ìyàwó ilé ṣe ní òun ò fẹ́ ajá tó wá yọ́ nígbà tó rí bí ọkọ ẹ̀ ṣe ń bá a ṣeré, ibi tí ẹranko kan tú òórùn burúkú sí wọn lára, àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú lórí àga. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa náà jókòó tì wá, wọ́n ń rojọ́ pé ajá lásán-làsàn ni wọ́n ń wẹ̀ bí ọmọ tuntun yìí. Nígbà tó wá kan ibi tí ọ̀gá ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó di bọ́ọ̀lù yẹn mú lọ́wọ́, tó ṣubú, ilé pa rọ́rọ́. Àbíkẹ́yìn mi ní "Ṣé ó ti sùn ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, torí láti ibẹ̀ lọ ló ti ń retí pé kó jí, bó ṣe rí i pé ajá ń retí.

Ibi tó yẹ káwọn òbí fara balẹ̀ sí rèé. Nínú The Lion King ọdún 1994, ìyẹn kàtúùnù àwọn kìnnìún, bàbá ọmọ kìnnìún kan kú, ọmọ mi sì ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ti ronú sí i kí n tó mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Ẹni ibi kan wà níbẹ̀ tó pa bàbá, ọmọ wá dàgbà, ó padà wá gba ilé bàbá ẹ̀, orin wà, ẹ̀rín wà. Ti Hachi ò ní ẹni ibi. Èèyàn dáadáa jáde nílé láàárọ̀, ó ti bá ajá ẹ̀ ṣeré, ó wọ tírénì, ó tán. Fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ máa ń wọ tírénì, ewo nínú ìyẹn ni ìtàn? Gbogbo nǹkan tó wà nínú fíìmù ló wà láyé tiẹ̀ náà. Fíìmù náà ò sì yára kọjá lórí ẹ̀. Òjò rọ̀, yìnyín bọ́, irun ajá ń re, ó ń wọ́ra nílẹ̀ nígbà tó ń rìn, wọ́n á tún fi bí ojú ajá náà ṣe ń rí ayé hàn wá, níbi tí gbogbo àwọ̀ ti parẹ́ tó dà bí eérú.

Lẹ́tà G yẹn ń ka ohun tí kò sí nínú fíìmù ni: kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìhòhò, kò sí èébú. Kò ka ọ̀fọ̀.

Irọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi ní òun ò jẹun, ká gbé òun padà lọ sí Mọ́níyà. Mo pe bàbá ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n rí ojú ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan, síbẹ̀ aṣọ bàbá ẹ̀ ló gbé sùn. Inú mi ru. Nígbà tó di Túsìdeè mo gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ ní tààrà. Ọmọkùnrin náà dìde, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà, àbí flash yẹn ò ṣí ni?" Mo ní "Flash ṣí. Ṣé ìwọ fúnra ẹ ti wo fíìmù tó o tà fún mi rí?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní "Rárá mà. Pọ́sítà ẹ̀ ni mo wò." Ẹ gbọ́ o, pọ́sítà! Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sítéṣọ̀n fún un, àwọn kọ́sítọ́mà méjì tó wà níbẹ̀ dákẹ́ ń gbọ́. Ó ní òun máa dá owó mi padà, ó tiẹ̀ ti ń ṣí dúrọ́ọ̀. Mo ní mi ò wá gbowó. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, fíìmù tó wà níbí lé ní ẹgbẹ̀rún, mi ò lè wò ó tán." Mo ní kò burú, àmọ́ tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ṣé ó dáa fọ́mọ, sọ pé o ò tíì wò ó, má fi lẹ́tà kan ṣe ẹ̀rí. Mo jáde, mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ní aago méje àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló pè mí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ má gbé e. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wò ó lálẹ́ àná." Ó wá dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà tí bàbá òun kú, Kánò ni wọ́n sọ fóun pé wọ́n lọ. Ó ní ọdún méjì lòun fi ń lọ bi àwọn dírẹ́bà mọ́tò Kánò ní gáreèjì bóyá wọ́n rí bàbá òun, kò sì sẹ́ni tó là á mọ́ òun títí ọmọ kan níléèwé fi fi bú òun. Ó ní òun ti yọ fíìmù yẹn kúrò láàárín tàwọn ọmọdé. Ó ní kí n má bínú. Ìbínú wo ló kù tí mo máa bí? Mo bá a kẹ́dùn, èmi náà ń nu ojú.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ara mi wá tutù. Bàbá ọkọ mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Ohun tá a sọ fún ọmọ yìí ni pé Bàbá àgbà ti rìnrìn àjò. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nígbà tá a wà lọ́mọdé náà la sọ, àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ ò mọ̀. Látìgbà yẹn, tí mọ́tò bá fọn fèrè lẹ́nu géètì, òun ló máa ń kọ́kọ́ sáré jáde, mo rò pé eré ọmọdé ni. Ó ní súìtì kan tó fi pa mọ́ sínú àpótí àwọ̀ tó fi ń kunwé, ó ti yọ́ mọ́ ọ̀rá ẹ̀, ó ní ti Bàbá àgbà ni. Ọmọ yìí ti ń ṣe Hachi nínú ilé mi fún ọdún kan gbáko, mi ò mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló bi mí, èmi ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Mọ́mì, ìrìn àjò tí Bàbá àgbà lọ, ṣé irú ti ọ̀gá Hachi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní wọ́n ti kú, wọn ò ní padà wá, àmọ́ Dádì wà láàyè, Dádì lọ síbi iṣẹ́. Ó sunkún gan-an, ìyá ọkọ mi gbé e sẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nígbà tó kan ibi tí ìyàwó ọ̀gá ti padà dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tó rí ajá arúgbó yẹn níbi tó ti ń dúró, tó wá jókòó tì í láti jọ dúró de tírénì tó ń bọ̀, mo rí màmá tí wọ́n fa ìborùn bojú, àmọ́ mi ò sọ̀rọ̀. Ní Wẹ́sìdeè yìí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé bàbá tó bí àwọn, ọdẹ ni wọ́n, ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n, ajá ọdẹ wọn lọ dùbúlẹ̀ sídìí oórì, ọjọ́ mẹ́ta ni ò fi jẹun. Ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn ò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọmọ ọdún 10, nǹkan mìíràn pátá ni fíìmù náà ṣe fún un. Ó lọ ka ìtàn Hachi gidi lórí fóònù mi: Ueno lorúkọ ọ̀gá ẹ̀, tíṣà ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ni ní yunifásítì ní Tokyo, ó kú ní May 1925, Hachi ń lọ sí sítéṣọ̀n Shibuya títí di March 1935. Ní 1934 wọ́n ti ṣe ère ẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, wọ́n yọ́ irin ère náà lásìkò ogun, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1948. Ó wá jókòó ṣírò ẹ̀, ó ní "Mọ́mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ọjọ́ orí mi." Ó ti ń fún ajá mẹ́gàádì ilé kejì lómi láràárọ̀. Èmi kọ́ ni mo rán an.

Torí náà, ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 8, ẹ má fi hàn án. Tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn tàbí tó ti wà lókè òkun, ẹ fi ọdún méjì kún un. Ẹ kọ́kọ́ dá a wò, nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ni. Kó má jẹ́ alẹ́, kó jẹ́ ọ̀sán, kí ẹni tó ń rìnrìn àjò nínú ilé wà níbẹ̀. Tọ́mọ bá sì bi yín pé ṣé ó ti sùn ni, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ dáhùn.

Máàkì tèmi: 9 nínú 10. Mo mọ̀ pé kò bá ohun tí mo kọ lókè mu, àmọ́ iye tí mo fún un nìyẹn, mo ti gbìyànjú láti dín in, mi ò rí i ṣe.

Ọ̀la ni Fúráídè. A máa lọ gba bàbá wọn ní Mọ́níyà, àbíkẹ́yìn mi ti bẹ̀ mí pé ká tètè lọ, kóun lè dúró síbi tí Dádì á ti kọ́kọ́ rí òun.