Èwo nínú àwọn ètò ìṣirò ni ọmọ kékeré lè dá ṣe nílé?

Òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé tó sì tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́rùn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Èwo ni ọmọ lè jókòó tì fúnra rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, kò sí ètò ìṣirò kankan, ì báà jẹ́ ìwé tàbí ti orí ẹ̀rọ, tó lè tú àgbà sílẹ̀ pátápátá. Ohun tó wà ni èyí tó máa gba ogójì ìṣẹ́jú lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, àti èyí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa tó. Oníṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn là ń wá.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ètò náà ní nǹkan mẹ́ta. Ta ló ń ka ìbéèrè sí ọmọ létí? Ta ló ń máàkì? Tí ọmọ bá ṣì í, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹ̀kẹta yìí ló wúwo jù, òun náà sì ni àwọn tó ń ta ètò kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ wo 42 – 17. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú ìyọkúrò yìí sábà máa ń kọ 35. Kì í ṣe àìfọkànsí. Ó rí 2 lókè, ó rí 7 nísàlẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé èyí tó kéré là ń yọ kúrò nínú èyí tó pọ̀. Ló bá yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Ó yọ 1 kúrò nínú 4, ó kọ 3. Lójú tirẹ̀, ó tẹ̀lé òfin. Tí ẹ̀rọ bá kàn fi àmì pupa hàn án, ohun tó máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé 35 kọ́ ni ìdáhùn. Kò ní mọ̀ pé ṣe ló yẹ kó tú ìdì mẹ́wàá kan kí 2 lè di 12. Tó bá wá jẹ́ pé ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n tò sílẹ̀ kó yàn, á yan òmíràn, á bọ́ sí i, wọ́n á sì fún un ní ìràwọ̀. Lọ́jọ́ kejì, 61 – 38 á tún di 37 lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí pé oníṣẹ́jú mẹ́wàá là ń wá, a kọ́kọ́ yọ àwọn kan kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dára. Saxon Math ti àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ti kọ ohun tí olùkọ́ máa sọ sílẹ̀ gbólóhùn sí gbólóhùn. Láìsí yín níbẹ̀, kò ṣiṣẹ́. RightStart tí Joan Cotter ṣe dá lórí ábákọ́ọ̀sì (ohun èlò onílẹ̀kẹ̀ tí a fi ń ka iye) àti eré káàdì, eré káàdì sì ń fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ máa ta á. Ìwé Primary Mathematics ti Singapore, èyí tó ti wà láti 1982, fi àwòrán síwájú àlàyé, nítorí olùkọ́ ni wọ́n retí pé kó sọ ìyókù. Bí ẹ bá ní àyè, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá ní, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Fún ọmọ tí kò tíì lè ka ìwé já geere, Math-U-See tí Steve Demme ṣe la máa nawọ́ sí. Kíláàsì kọ́ ni wọ́n fi pín in, kókó ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́yìn Primer, tó jẹ́ ìpele ìbẹ̀rẹ̀, Alpha ni ìròpọ̀ àti ìyọkúrò nọ́ńbà ẹyọ kan, Beta ni ti nọ́ńbà ńláńlá, Gamma ni ìsọdipúpọ̀, Delta ni pínpín, Epsilon ni ìdá, Zeta ni désímà àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kọ́ 30 ló wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan láti Alpha lọ. Ní Mọ́ńdè, ẹ̀yin àti ọmọ ẹ jọ wo fídíò ẹ̀kọ́ kan, kẹ́ ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù kéékèèké ti ètò náà ṣe é pa pọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ewé A, B àti C á máa tẹ nǹkan tuntun yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́; D, E àti F á máa da èyí tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ojú ewé kan lóòjọ́ ti tó. Ohun tó mú kó bá òbí tọ́wọ́ rẹ̀ dí mu gan-an ni pé iṣẹ́ Túsìdé jọ ti Mọ́ńdè, nítorí náà ẹ kò ní máa ṣàlàyé ìlànà tuntun lójoojúmọ́. Tí ọmọ bá gba A láìsí àṣìṣe, tó sì lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yín bó ṣe ṣe é, kó fo B àti C, kó bọ́ sí D.

Búlọ́ọ̀kù wọn ló ń wo àrùn 42 – 17 sàn. Ẹyọ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìdì mẹ́wàá jẹ́ búlúù, ọgọ́rùn-ún jẹ́ pupa. Ọmọ á to ìdì búlúù mẹ́rin àti ẹyọ méjì sílẹ̀. Ẹ ní kó gbé 7 nínú ẹyọ fún yín. Á wò ó títí, kò ní rí i gbé. Á gbé ìdì búlúù kan padà sínú àpótí, á kó ẹyọ mẹ́wàá jáde dípò rẹ̀, ẹyọ á di 12, á gbé 7 kúrò, á ku 5. Á gbé ìdì kan kúrò nínú mẹ́ta tó kù, á ku méjì. 25. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà kì í tún yí nọ́ńbà po mọ́.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Ẹ̀yin lẹ máa máàkì, nítorí inú ìwé olùkọ́ ni ìdáhùn wà. Ọmọ á fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé: ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó kọ́lé tẹ́rùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Èyí tó le jù ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó. Ọmọ tó ń ṣe Gamma, ìsọdipúpọ̀ ló máa gbé gbogbo ọdún rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá yà á kúrò níbẹ̀ lọ sí ètò mìíràn láàárín ọdún, á mọ ìsọdipúpọ̀ dáadáa, àmọ́ ìdá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fọwọ́ kàn á dà bí ohun àjèjì sí i.

Ọmọ tó bá ti ń kàwé já geere ni Math Mammoth ti Maria Miller wà fún. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀: àlàyé, àpẹẹrẹ àti iṣẹ́ wà lójú kan, kò sí ìwé olùkọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀dà Light Blue ni kẹ́ ẹ mú, òun ló tẹ̀lé kíláàsì, A àti B fún ọdún kan. Blue kàn kó kókó kọ̀ọ̀kan jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dára fún dídí àlàfo. Ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ ni pé ojú ewé kún bámúbámú. Ẹ fi bébà funfun bo ìdajì ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ kan, kó fo ìkejì. Èyí tó fò, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde láti orí kọ̀ǹpútà, ẹ rí i pé 100% ni ìtẹ̀wé wà. Bí ẹ̀rọ bá fún un pọ̀ kó lè bá bébà mu, gbogbo ìlà tí ọmọ máa fi rúlà wọ̀n nínú ẹ̀kọ́ sẹ̀ǹtímítà ló máa kúrú, ọmọ á wọ̀n ọ́n dáadáa, ìwé ìdáhùn á sì sọ pé ó ṣì í.

Àgbà tí kò ráyè máàkì rárá ńkọ́? Teaching Textbooks ló sún mọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wá jù. Ẹ̀rọ ló ń kọ́ ọmọ, ohùn ń ka ìbéèrè sí i létí, ó ń máàkì lójú ẹsẹ̀. Tọ́mọ bá ṣì í, ó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn sì ni ìdáhùn tó dára jù tí a rí sí ìbéèrè kẹta lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọmọ á tètè mọ̀ pé ó rọrùn láti dáhùn ìdákudà, kó gbọ́ àlàyé, kó sì kọjá lọ. Máàkì ló máa tú u fó. Ẹ ṣí ìwé máàkì rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ̀kọ́ tó bá wà lábẹ́ 80%, ẹ pa á rẹ́ kó tún un ṣe, ètò náà gbà yín láyè. Ẹ lo ìdánwò ìwọlé wọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ má fi ọjọ́ orí yan ìpele, torí nọ́ńbà ara ètò yìí sábà máa ń ga ju iṣẹ́ inú rẹ̀ lọ.

Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ọ̀fẹ́. Khan Academy Kids, tó wà fún ọmọ ọdún 2 sí 8, ń ka nǹkan sókè, kò sì ní ìpolówó. Ó dára fún mímọ nọ́ńbà, àmọ́ ẹ má fi ṣe odindi ètò. Khan Academy gan-an kún jù ú lọ, ìṣòro rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni kíkà. Ìdánrawò kan lè má ju ìbéèrè mẹ́rin lọ, ọmọ tó bá gba gbogbo rẹ̀ á ti di Proficient, ìyẹn ni pé wọ́n gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n. Mẹ́rin kéré jù. Mastered, ipò tó ga jù níbẹ̀, ni kẹ́ ẹ máa wò, torí ọmọ gbọ́dọ̀ tún gba irú ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò tó da ọ̀pọ̀ kókó pọ̀. Ìtanilólobó tí ọmọ bá ṣí, bí àṣìṣe ni wọ́n ń kà á, ohun tó dáa nìyẹn.

Beast Academy, ìwé ìṣirò alápanilẹ́rìn-ín tí àwòrán àwọn ẹ̀dá abàmì kún inú rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Art of Problem Solving ṣe, dùn púpọ̀, ó sì le. Àfikún ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kì í ṣe fún ọmọ tó ń sunkún tó bá kùnà.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ ètò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kẹ́ ẹ sì dákẹ́, kẹ́ ẹ lè rí ibi tó ti ń dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá dìde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kàn padà wá máàkì. Ìṣẹ́jú 20 fún ọmọ ọdún mẹ́fà, 30 fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tí agogo bá dún, kó dúró síbi tó bá dé. Kódà tó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ló ti ń ṣe é, kó ní pẹ́ńsùlù àti ìwé onígun tí àpótí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, nọ́ńbà kan nínú àpótí kan. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ìròpọ̀ kò kọjá pé ẹyọ lọ bọ́ sábẹ́ ìdì mẹ́wàá.

Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ máàkì, torí tó bá di ọjọ́ kẹta, ọmọ ti gbàgbé ohun tó ń rò. Ẹ má kọ ìdáhùn tó tọ́ sí i lójú. Ẹ yí àmì po èyí tó ṣì, kó tún un ṣe. Irú àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé ìwé sílẹ̀, ẹ kó búlọ́ọ̀kù jáde. Ní Fúráìdé, ẹ bi í ní 8 + 5 kẹ́ ẹ máa wo ìka rẹ̀. Tó bá sọ pé 12, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí 8 fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka márùn-ún: 8, 9, 10, 11, 12. Kò sí ètò tó máa rí ìka yẹn fún yín. Ẹ kọ́ ọ kó fi 2 nínú 5 sọ 8 di 10, kó wá fi 3 tó kù kún un.

Ẹ fún ètò kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tó bá ṣì ń pè yín ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ sọ ìpele kalẹ̀ sí èyí tó rẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ètò, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, ìpele ló ga jù fún un.