Ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́: èwo ni kí ẹ rà nínú Technics, Thorens, Lenco àti Dual?

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́ rà, orúkọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà sí i létí: ra Technics, ra Thorens, Garrard lọ̀gá. Èmi kì í kọ́kọ́ bèèrè orúkọ. Ohun tó ń yí àwo irin tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jókòó lé ni mo máa ń bèèrè, torí ibẹ̀ ni ìwà ẹ̀rọ ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn ọjọ́ ogbó rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn kan, orí mọ́tò gan-an ni àwo irin jókòó lé. Nínú àwọn mìíràn, bẹ́líìtì rọ́bà ló so méjèèjì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àgbà, táyà rọ́bà kékeré kan ló há sáàárín mọ́tò àti àwo irin, òun ló ń fi ara yí i.

Technics SL-1200MK2 àti Thorens TD 160

Àwọn méjì yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé síra wọn. SL-1200 àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1972, MK2 tẹ̀lé e ní 1979. Ọdún 1972 náà ni TD 160 dé. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, àmọ́ ìwà wọn ò jọra rárá.

Mọ́tò ló ń yí àwo Technics tààrà, òkúta quartz sì ń ṣọ́ ìyára rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó ti dé ìyára tó yẹ. Ìdí rèé tí àwọn DJ fi sọ ọ́ di tiwọn. Ó wúwo ju kílò 10 lọ, kò ní bẹ́líìtì tó máa já, bẹ́ẹ̀ ni kò ní táyà tó máa gbó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ojú màbo lọ́wọ́ DJ. Ẹ di orí apá rẹ̀ mú, ìyẹn ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́ dání, ẹ rọra mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń yẹ̀ gìrì lọ́wọ́ yín, bíárìnnì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ti Thorens yàtọ̀. Àwo irin àti apá rẹ̀ wà lórí férémù kan tí sípírínì mẹ́ta gbé dúró nínú àpótí igi, kí ìgbọ̀nrìrì mọ́tò àti ti sípíkà má bàa dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. (Edgar Villchur ará Amẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ jáde nínú AR XA ní 1961.) Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí ilé ṣe pa rọ́rọ́. Bẹ́líìtì tuntun kò ṣòroó rí, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ilé yín bá jẹ́ pákó tó ń mì, ẹsẹ̀ ọmọdé kan péré ti tó kí sípírínì jó, kí abẹ́rẹ́ fò. Ẹ so pẹpẹ mọ́ ògiri fún un.

Bí mo bá máa jókòó gbọ́ orin, Thorens ni mo máa mú. Bí n kò bá fẹ́ wàhálà, Technics.

Lenco L75 àti Dual 1219

Bí ẹ bá ní àwo 78, ìyẹn àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ibí ni kí ẹ wá, torí 33 àti 45 nìkan ni àwọn méjì tó wà lókè mọ̀. Ẹ rántí pé àwo 78 nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwo 33 àti 45 lọ.

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Táyà rọ́bà ló ń yí àwọn méjì yìí, àkísà wọn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àwo irin Lenco tó bíi kílò 4, báàsì rẹ̀ sì máa ń dún kíkankíkan. Táyà rẹ̀ fara ti ọ̀pá mọ́tò kan tó ń tín-ínrín díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ibikíbi tí ẹ bá sún un sí láàárín 16 sí 78, ìyára yẹn ló máa gbà. Rọ́bà kéékèèké tó gbé apá rẹ̀ dúró máa ń rún bí ọjọ́ bá ti pẹ́, àmọ́ wọ́n ń ṣe àfirọ́pò rẹ̀.

Dual ni ti ẹni tó máa ń sùn lórí àga. Apá rẹ̀ ń dìde fúnra rẹ̀, ń bọ́ sórí àwo, ń padà sáyè bó bá ti parí. Gíríìsì inú rẹ̀ ló máa ń gan bí ọdún bá ti gorí ọdún, tí apá á wá dúró láàárín ọ̀nà. Ẹni tó ń tà á á ní ó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì fi gíríìsì tuntun sí i ti tó.

Garrard 301 ti 1954 ńkọ́? Ohun àrà ni, àmọ́ kò bá apá wá. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn ń kọ́kọ́ rà.

Iná ilé yín

Mo ra ẹ̀rọ kan láti òkèèrè nígbà kan, mo gbé àwo lé e, obìnrin tó ń kọrin di ọkùnrin. Hertz 60 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; 50 ni iná ilé mi. Àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 ní ìṣẹ́jú kan ń yí nígbà 28 péré. Thorens àti Dual nílò kí ẹ pààrọ̀ irin kékeré tó wà lórí ọ̀pá mọ́tò bí hertz ò bá dọ́gba. Lenco, ẹ ó kàn sún táyà rẹ̀ díẹ̀. Ti Technics MK2, fóltéèjì nìkan ni kí ẹ wò.

Bí ẹ bá ń lọ yẹ ẹ̀rọ wò, ẹ mú àwo tí dùùrù wà nínú rẹ̀ dání. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí ohùn kan ti fà gùn; bó bá ń lọ sókè sódò bí ẹni mu ẹmu yó, bẹ́líìtì tàbí táyà ló ní kí ẹ dín owó rẹ̀ kù.