Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi Access tọ́pa iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé wa

Ìwé ètò ìsìnkú kan ló sọ mí di ẹni tó ń kọ́ pátákó iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ọmọ olóòkú wọlé bá wa ní Ṣómólú, ó ní òun wá gba ẹ̀dà 300 tí òun ti sanwó rẹ̀. Nínú ìwé ńlá tí a ń kọ iṣẹ́ sí, orúkọ wọn wà níbẹ̀ rekete. Nídìí ẹ̀rọ, kò sí nǹkan kan. Prúùfù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kíbọọ̀dù ẹni tó ń ṣe dísáìnì, ó ń retí kí ẹnìkan pe ìdílé náà kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. A ṣiṣẹ́ mọ́jú, ìwé sì délẹ̀ kí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí ọmọ yẹn fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tó mú mi yan Microsoft Access, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú tábìlì, ni pé ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti gbé e jáde, orí kọ̀ǹpútà gan-an ló sì ń gbé, kò béèrè dátà kó tó ṣí. Fún àwa tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, ohun ńlá nìyẹn. Àmọ́ kò sí pátákó tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ nínú rẹ̀ o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́ ọ. Kanban ni wọ́n ń pe irú pátákó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan tó túmọ̀ sí pátákó àkọlé. Iléeṣẹ́ Toyota ni Taiichi Ohno ti sọ ọ́ di ọ̀nà ìṣiṣẹ́: káàdì ń bá ọjà rìn, káàdì náà ló sì ń sọ ohun tó kàn. Èmi náà fẹ́ gbójú sókè kí n rí ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí.

Tábìlì méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà fún iṣẹ́: orúkọ oníbàárà, irú iṣẹ́, iye ẹ̀dà, ọjọ́ tí a dá, nọ́ńbà ìpele. Èkejì wà fún ìpele mẹ́fà: dísáìnì, prúùfù, pléètì, ẹ̀rọ, gígé àti dídì, ó ti ṣe tán. Lẹ́yìn náà mo ṣe fọ́ọ̀mù (ojú ìwé tí à ń wò lórí kọ̀ǹpútà) kékeré kan tó ń to káàdì láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo dà á kọ sí mẹ́fà, mo wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fọ́ọ̀mù ńlá kan. Query (ìbéèrè tó ń ṣa àkọsílẹ̀ jáde) tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú iṣẹ́ ìpele tirẹ̀ nìkan wá, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù á sì wà lókè. Conditional Formatting, ìlànà tó ń yí àwọ̀ padà bí a bá ti sọ fún un, ló ń kun káàdì: bí ọjọ́ bá ti kọjá, pupa, bó bá jẹ́ òní tàbí ọ̀la, àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má lo list box, àpótí tó kàn ń to nǹkan sílẹ̀ ní ìlà-ìlà. Òun ni mo kọ́kọ́ lò nítorí ó yá, ìgbà tí mo parí ni mo tó mọ̀ pé kò gba Conditional Formatting rárá. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló bá a lọ.

Ẹni tó bá ti lo Trello, pátákó iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, rí yóò fẹ́ fi máòsì wọ́ káàdì láti òpó kan sí òmíràn. Ìyẹn kò sí níbí. Àwọn kan máa ń fi kọ́dù VBA (èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún Access) dọ́gbọ́n sí i, èmi fi ọfà méjì sára káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ ti iwájú, UPDATE kékeré kan, àṣẹ tó ń yí àkọsílẹ̀ padà, á fi 1 kún nọ́ńbà ìpele, káàdì á sì ṣí lọ sí òpó kejì. Mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ ju wíwọ́ lọ, nítorí káàdì kankan kò lè fo prúùfù kọjá mọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni ti èdè wa. Tábìlì àti fọ́ọ̀mù gba ẹ, ọ àti ṣ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń kọ VBA kò mọ̀ wọ́n. Àmì ìbéèrè ló ń sọ wọ́n dà. MsgBox, àpótí kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà, náà bẹ́ẹ̀. Ni mo bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú tábìlì kan, mo fi fọ́ọ̀mù kékeré rọ́pò MsgBox. Orúkọ tábìlì ni mo kọ láìfi àmì sí.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ ọfà, ìlà kan tún ń wọ tábìlì kẹta, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí iṣẹ́ ti ń pẹ́ jù. Bàbá tó ń wa ẹ̀rọ ni gbogbo wa ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí wá. Àṣé òpó prúùfù ni, níbi tí iṣẹ́ ti ń dúró de oníbàárà tí ẹnikẹ́ni kò pè. Lọ́jọ́ kan mo ka káàdì 11 níbẹ̀, ẹ̀rọ sì dúró lásán. Mo bẹ Bàbá. Mo wá fi DCount, tó ń ka iye àkọsílẹ̀, sí i: bí prúùfù bá ti pé 5, ọfà dísáìnì kò ní ṣiṣẹ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbé fóònù pe oníbàárà.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, fáìlì kan náà ni gbogbo wa ń ṣí lórí Wi-Fi. Iná lọ lójijì, fáìlì bàjẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò. Àṣìṣe tèmi ni. Ẹ pín in sí méjì: kí tábìlì wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí íńfátà, kí fọ́ọ̀mù wà lórí kọ̀ǹpútà oníkálùkù, kí ẹ sì fi wáyà so wọ́n pọ̀. Access Runtime, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó kàn ń jẹ́ kí a lo ohun tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀, ti tó fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Ẹ má kó dísáìnì sínú fáìlì Access, nítorí 2 GB ni fáìlì kan lè gbà. Ibi tí dísáìnì wà ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀ka méjì, tàbí Mac lẹ ń lò, tàbí ẹ fẹ́ máa wo pátákó láti orí fóònù, ẹ wá nǹkan mìíràn. Ní tiwa, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp ilé iṣẹ́, káàdì pupa ni Bàbá sì máa ń kọ́kọ́ béèrè.