Ètò kọ̀ǹpútà yunifásítì: ká rà á ni, àbí ká kọ ọ́?

Ètò tó ń tọ́jú ìforúkọsílẹ̀, èsì ìdánwò àti owó oṣù kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, ni kí a fi wò ó.

Èyí tí a rà máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó tà á ló sì ń tún un ṣe. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni èèkù idà wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Oracle ra PeopleSoft, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ètò yìí, ní 2005, àwọn yunifásítì tó ń lo PeopleSoft kàn bá ara wọn lọ́wọ́ olówó tuntun ni.

Èyí tí a kọ fúnra wa máa ń bá ìlànà wa mu wẹ́kú. Ènìyàn ni ìṣòro rẹ̀. Mo rí ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ bí ètò wọn ṣe ń ṣírò máàkì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, bírò àti ìwé ni wọ́n padà sí.

Ní tèmi, kí wọ́n ra ti owó oṣù. Ti èsì ìdánwò ni kí wọ́n kọ, bí wọ́n bá ní ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n tinú tòde. Èyí tó wù kí wọ́n mú, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò bóyá dátà wọn ṣe é kó jáde.